Ológbò Kì Í Kọrin

                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Ilé tó kángun sí ilé-ìwé.
                                        Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti wẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Dúdúyẹmí,

Ṣé o wà? Ṣé àlàáfíà ni? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Àbúrò rẹ tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́, àbí ó ti kan pátákó? Èmi náà wà, ara le, inú ló ń bí mi títí di Sátidé tó kọjá. Fìdí mọ́lẹ̀ kí n rò fún ọ, má sì kà á sétí ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí.

O mọ̀ pé Bàbá mi ti ń sọ pé kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Èmi tí mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìṣépè! Wọ́n ní Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún, mo kọ oúnjẹ (mo jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n yíjú). Àánú mi wá ṣe Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá mi tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò. Wọ́n yá mi ní ògbólógbòó kámẹ́rà kan, wọ́n ní tí mo bá lè ya ẹyẹ ìgbẹ́ kan níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ojú rẹ̀ hàn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn á gbà mí sẹ́nu iṣẹ́, àwọn á sì bá Bàbá mi sọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá lè ya ẹyẹ, á lè ya ọmọ ọwọ́ tó ń ké.

Mo rò pé mo ti yege. Ṣebí ẹ̀ga kún orí ọ̀pẹ kúkurú tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wa! Mo lọ lúgọ sábẹ́ ọ̀pẹ, mo dákẹ́ jẹ́ẹ́, mi ò mí. Pìrì! Gbogbo wọn fò lọ. Ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré wo ohun tí mo yà, wọ́n ní, "Tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí lásán nìyí o. Ta ló máa ra ìdí ẹyẹ?"

Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ẹyẹ yìí ní ìwà. Akọ ló ń hun ilé. Tó bá hun ún tán, á dorí kodò sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọn apá bí ọlọ́jà tó fẹ́ tà kílẹ̀ tó ṣú. Abo á wọlé, á fẹnu fa koríko wò, bí ìyá ìyàwó tó wá yẹ yàrá àna rẹ̀ wò. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Akọ á fọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé náà palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo káàánú rẹ̀ títí mo fi rántí pé wàhálà tèmi náà wà nílẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí rèé. Tí Bàbá mi bá ń wẹ̀, tí wọ́n ń fi ohùn àgbá òfìfo wọn kọrin, ẹ̀ga ò mira. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dákẹ́ kí wọ́n nura báyìí, pìrì! Ẹ̀ga mọ̀ pé ológbò kì í kọrin. Ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ni mo bá gbé kámẹ́rà wọ balùwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo gbé e sójú fèrèsé. Mo fi ohùn tèmi kọrin, wọn ò mọ ohùn náà rí, wọ́n sá. Mo wá ki ohùn bọ ikùn, mo kọ ọ́ bíi ti Bàbá, tòun ti ikọ́ àárín rẹ̀. Ẹ̀ga padà wá! Mo fẹ́ tẹ kámẹ́rà ni mo gbọ́ gbàgà lára ilẹ̀kùn. Bàbá mi ti dé pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì.

"Èmi rèé níta. Ta wá ni èmi tó wà nínú balùwẹ̀?"

Gbogbo ayálégbé tó to bókẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan da omi nù. Ojú ti Bàbá. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń wẹ̀ bí olè. Ẹ̀ga ò dúró mọ́.

Sátidé dé, mi ò ní nǹkan kan. Ni mo bá gbé kámẹ́rà lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ nígbà tí Bàbá wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọrin." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Omi dá ṣùà. Wọ́n ní, "Kí n fẹnu ara mi kọrin gba ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ aránṣọ tí mo ti bá sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n húkọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ tán, ẹ̀ga kan ò tíì dé. "Ṣé ó tó?" "Ẹ fi kan lé e, sà." Ọṣẹ gbẹ mọ́ wọn lára, wọ́n ń kọ ọ́ lọ. Akọ dé, ó dorí kodò, ó gbọn apá. Abo wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, mo rò pé ó ti kọ̀ ọ́. Ló bá yọ orí síta, ó wò mí lójú kòró. Mo tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Kékeré wo fọ́tò náà, wọ́n sì fi okùn kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn. Bàbá mi fúnra wọn ló lọ bẹ aránṣọ.

Bá mi kí Màmá rẹ àti ẹlẹ́ṣọ́ọ̀kì. Fọ́tò náà ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ti wá wò ó lánàá, wọ́n tún wá láàárọ̀ yìí, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ olórin sí.

Èmi ni tìrẹ títí ẹ̀ga yóò fi panu mọ́,

Tẹ́ẹ́rẹ́,
ayàdí-ẹyẹ àná, ayàjú-ẹyẹ òní.