Blagoy, Tíṣà Tó So Àwọ̀n Sísàlẹ̀ fún Àwọn Ọmọdé

Ẹ̀gbọ́n mi Blagoy, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko! Láàárọ̀ yìí mo gbé àlìkámà bíbọ̀ onísúgà lọ síbi ibojì yín, mo da wáìnì pupa sórí yìnyín, bí a ti ń ṣe ìrántí òkú nílùú wa. Èmi nìkan ni mo lọ. Ẹsẹ̀ Màmá ò gbé wọn mọ́. Ralitsa ọmọ mi kọ̀, kò tẹ̀lé mi.

Òrùlé ilé Màmá tí ẹ bẹ̀rẹ̀, a ti kàn án tán. Òjò ò jò sórí bẹ́ẹ̀dì wọn mọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ gbé fọ́líbọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kejì? Ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ń bà wọ́n. Bó bá ti ń bọ̀, wọ́n á fọwọ́ bojú. Ẹ wá ta okùn sáàárín igi méjì nínú ọgbà ilé ìwé, ẹ so àwọ̀n mọ́ ọn, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orí wọn lọ. Ẹ ra bọ́ọ̀lù rọ́bà tó fúyẹ́. Ẹ pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó máa wòran. Ẹ ní, "Ẹ má tíì gbá a. Ẹ mú un, kí ẹ jù ú sọ́hùn-ún. Bó bá ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò burú!" Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìka wọn ti ń gbé bọ́ọ̀lù náà fúnra wọn. Ralitsa tó wà lára wọn ò jẹ́ ká gbádùn nílé, ìrọ̀rí ló ń gbá lu ògiri.

Àwa òbí ni inú wa ò dùn. Ife ẹ̀yẹ la fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ilé ìwé abúlé kejì díje, lórí àwọ̀n gíga, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù líle, wọ́n na àwọn ọmọ wa ní ànàbolẹ̀. Bàbá kan kígbe látẹ̀yìn pé, "Tíṣà, ẹ bá wọn ra ọmọláńgidi kún bọ́ọ̀lù yẹn!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìyáàfin Bozhkova, ọ̀gá ilé ìwé, gbé ìwé wá pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ yín mọ́ fọwọ́ sí i. Òbí mọ́kànlélógójì fọwọ́ sí i. Orúkọ tèmi ló ṣìkejì. Màmá ò mọ̀ títí dòní.

Ẹ wá sílé mi, ẹ ò jókòó. Ẹ ní, "Nevena, èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìwé kíkọ. Mo mọ ọwọ́ ẹ."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ mi ni mò ń rò."

Ẹ ní, "Òun lèmi náà ń rò." Ẹ sì bá tiyín lọ.

Wọ́n gba iṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ yín. Kò síṣẹ́ mìíràn nílùú wa. Iṣẹ́ gbígbá ọgbà ilé ìwé yẹn kan náà ni wọ́n fi lọ̀ yín. Ẹ gbà á! Ẹ ń gbálẹ̀ fún kóòṣì tuntun tó gbé àwọ̀n padà sókè. Ọmọ méjìlélógún ni ẹ fi lé e lọ́wọ́. Kí ọdún tó parí, ó ku méje. Ìka Ralitsa ṣẹ́, kò padà síbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ kú, yìnyín lẹ ń kó. Ọkàn yín dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn ọmọ jáde wá ṣeré. "Ẹ wo Tíṣà Olókùn, wọ́n ti sùn!" Wọ́n mọ yìnyín róbótó, wọ́n ń jù ú lù yín. Ó bà yín lójú, ẹ ò mira. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Ralitsa wà níbẹ̀. Òun náà jù ú.

Nígbà tí mo gbọ́, mo gbá a létí. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé orí wọn ti dàrú." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún Bozhkova lámì ẹ̀yẹ ní Sofia, olú ìlú wa. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún un? Fọ́líbọ́ọ̀lù kékeré tó "dá sílẹ̀" fún àwọn ọmọdé! Okùn yín! Bọ́ọ̀lù rọ́bà yín! Mẹ́ta-mẹ́ta yín! Ilé ìwé mẹ́rin ló ń ṣe é báyìí, inú àwọn ọmọ sì ń dùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ yín.

Lánàá, mo lẹ àwòrán yín mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwé, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ya á. Mo lẹ òmíràn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde sí mi: "Nevena, ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ síwèé pé ká lé e? Kí lo tún wá ń ṣe níbí?"

Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ mo dúró ti ilẹ̀kùn náà títí àwọn ọmọ fi jáde ilé ìwé, kí wọ́n má baà ya ìkejì. Ralitsa jáde. Ó wo àwòrán yín, ó wò mí, ó sọdá sí òdìkejì títì.

Ẹ̀gbọ́n mi, à ń wá yín, a ò rí yín. A fẹ́ràn yín, Blagoy. A ò fẹ́ràn yín tó nígbà tí ẹ wà láàyè. Ìyẹn ni kò ṣeé tún ṣe mọ́.