Ọkọ̀ Asáré Tí Omi Ti Bò Rí

Àbúrò,

Mo lọ wo ọkọ̀ asáré tó o fẹ́ rà láàárọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù irú ẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ ká, kó má wo ọ̀dà. Mo ká a, ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, gbogbo wáyà ti dípẹtà. Ìdí nìyẹn tówó ẹ̀ ò fi wọ́n.

Mo ní kí n wá kìlọ̀ fún ẹ. Bí mo ṣe yíjú, ọkọ̀ ìkẹ́rù wa ni mo rí, èyí tó o ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ asáré náà ní o ti fi tiwa ṣe pààrọ̀ ẹ̀. Bàtà iṣẹ́ mi wà nínú ẹ̀, kò jẹ́ kí n mú un.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo bá ẹ lójú oorun, mi ò jí ẹ. Mo ti wọ sálúbàtà lọ sọ fún àwọn oníbàárà wa pé a ò ní ọkọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ