Ẹsẹ̀ Bàbá Kì í Ṣe Ọrẹ

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kẹta, 2025

Bàbá ti ọsibítù dé lónìí. Ẹsẹ̀ òsì ò bá a dé. Lókè orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Àná ni mo ti ilé-ìwé ní Ẹ̀rúwà wá sílé ní Ìdèrè láti tún yàrá ṣe dè é. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo tún gbé e kúrò, mo rò pé kò ní fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá máa rí òun. Nígbà tó dé, ó ní kí n gbé e padà síbi fèrèsé. Mi ò mọ nǹkan ṣe rí, kí n ṣe é kó tọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò tíì kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kí n kọ ọ́, kó kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa tuntun ni. Bàbá ń mọ ògiri lókè. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ọparun tí wọ́n ń dúró lé ti jẹrà, Bàbá sì ti sọ fún ọ̀gá pé kó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pákó kán. Bàbá já bọ́ sórí òkúta.

Ọ̀gá náà ni Alàgbà Japheth, agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọ. Nínú ìwé yìí, Simẹ́ńtì ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń rọ̀ nígbà tó bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Tó bá rí i gbà tán, ó gan nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 3

Simẹ́ńtì wá kí Bàbá. Iṣu àti ìrẹsì. Ó gbàdúrà títí ọrùn fi ń ro mí. Ó ní ìjọ yóò "wá nǹkan ṣe sí i". Màmá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi náà kúnlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 — Ẹ̀rúwà

Kíláàsì òfin òwò. Olùkọ́ wa tí à ń pè ní Gíláàsì ní òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú. Ó ní kì í ṣe àánú. Ó kọ "ẹ̀tọ́" sójú pátákó, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ béèrè. Ọwọ́ mi wúwo bíi pé wọ́n so irin mọ́ ọn. Kíkí, tí a jọ ń gbé yàrá, wò mí, ó sì nawọ́ tirẹ̀ sókè. Ó ní tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, sà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kó lọ pe Jésù lẹ́jọ́. Gíláàsì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ ni òfin mọ̀, òfin ò béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kọ́ tàbí ilé ọtí.

Lẹ́yìn kíláàsì mo lọ dúró lẹ́nu ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kúrò. Mo padà. Ó fún mi ní nọ́ńbà obìnrin kan ní Ìbàdàn, ó ní bíbá òṣìṣẹ́ tó fara pa gba ẹ̀tọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo pe nọ́ńbà náà. Mo gé e kí ó tó gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 — ilé

Mo tún pè. Ìyáàfin Làtíífàt ni orúkọ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ sórí iná. Ta ló gba bàbá mi síṣẹ́? Ta ló ń sanwó? Mo ní Alàgbà Japheth ni, ní gbogbo Sátidé, ó sì máa ń gé nínú owó náà bí Bàbá bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ní ó dára, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹnu Bàbá fúnra rẹ̀ ni òun ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ó ní kí òun kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ lọ́la ná, ọ̀rọ̀ owó á tẹ̀ lé e.

Ó bójú mu, mo rò. Ṣebí ìdúpẹ́ ló máa ń ṣáájú.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ìdúpẹ́ Bàbá. A jó tẹ̀ lé e lẹ́yìn dé iwájú pẹpẹ. Ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá, òógùn bò ó.

Ní ìjọ wa, ẹni tí Ọlọ́run yọ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ráhùn nínú ẹ̀rí. Bí o bá ní pákó jẹrà, wọ́n á ní o ò mọ oore. Nítorí náà Bàbá ò dárúkọ pákó. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa dùn létí ìjọ, ó sì rí i. Ó ní, "Èmi ò ṣiṣẹ́ fún èèyàn. Ọlọ́run ni mo ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹsẹ̀ yìí bá jẹ́ ọrẹ mi, kó gbà á."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde. Simẹ́ńtì sunkún, ó dì mọ́ ọn.

Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí ó fi ta mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Bàbá rán èmi àti Màmá sí Simẹ́ńtì, ká fi ọ̀wọ̀ sọ ọ̀rọ̀ owó náà fún un kí Ìyáàfin Làtíífàt tó ti Ìbàdàn dé. Ó fún wa ní omi tútù. Ó gbọ́ wa tán. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Keturah, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí ọkọ yín sọ lórí pẹpẹ. Ọrẹ ni. Ta ni wọ́n ń dá ọrẹ padà fún?"

Màmá ní àfi kí wọ́n ṣàánú. Simẹ́ńtì yíjú sí mi. "Ìwọ náà. O ò tíì lo ọdún kan nílé-ìwé, o ti fẹ́ pe Ọlọ́run lẹ́jọ́."

Mo ní ẹ má bínú, sà. Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ má bínú, sà.

Ìgbà tí a ti rìn dé ìdí igi oṣè ni èsì tó wá sí mi lẹ́nu: ṣé wọ́n máa ń gé owó ọrẹ bí ẹni tó mú un wá bá pẹ́ dé? Màmá ti lọ jìnnà níwájú. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Wọ́n ti fi ẹ̀rí Bàbá sórí wásáàpù ìjọ. Simẹ́ńtì ló fi í síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọ àmín sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á débi kan, mo pa fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Màmá ti ń lọ sí Lanlate báyìí, ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gáàrí. Kò sọ fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí. Tẹ́lẹ̀, àwa la máa ń pe èèyàn wá bá wa bó tiwa.

Kíkí ní kí n lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí n tú Simẹ́ńtì fó níwájú ìjọ. Ó rọrùn fún Kíkí. Ará Abẹ́òkúta ni.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Ìyáàfin Làtíífàt wá sí Ìdèrè fúnra rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà láti Ìgbó-Ọrà, eruku dé ìbòrí rẹ̀. Yàrá Pásítọ̀ ni a jókòó sí: Pásítọ̀, Simẹ́ńtì, Bàbá, Màmá, èmi lẹ́nu ọ̀nà.

Ó kí gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá. Lẹ́yìn náà: "Bàbá, ẹ má bínú, ta ló gbà yín síṣẹ́?"

Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. Simẹ́ńtì nìkan ló ń wo Bàbá. Ó rọ̀, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ẹni pé ó ń bẹ̀bẹ̀.

Bàbá ní, "Ọlọ́run ni, ìyáàfin."

Ìyáàfin Làtíífàt tún un béèrè lọ́nà mìíràn. Èsì kan náà. Ó pa báàgì rẹ̀ dé.

Níta ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ilẹ̀kùn ò tíì tì, ọdún kan ni òfin fún ẹni tó fara pa. Bí Bàbá bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kí n pe òun. Mo ní ẹ ṣeun, mà. Mo tún ní ẹ má bínú, mà. Ó ní kí ni mo ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Mo bi Bàbá. Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni." Mi ò sọ irú rẹ̀ sí i rí. Mo dúró de ìgbátí.

Kò bínú rárá. Ó ní, "Keturah, tí mo bá sọ pé mo purọ́ lórí pẹpẹ, ta ló máa bá mi jókòó? Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ṣé obìnrin Ìbàdàn yẹn ló máa wá gbẹ́ ilẹ̀? Ṣé òun ló máa kọrin?"

Lọ́tẹ̀ yìí, mo rìn dé ìdí igi oṣè, èsì kankan ò wá sí mi lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 16

Ìdánwò òfin òwò. Ìbéèrè kẹta: owó gbà-máà-bínú. Mo mọ̀ ọ́n. Mo fò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun lónìí.

Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga gan-an, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí àwọn tó ń ti Ìgbó-Ọrà bọ̀ máa rí ilé náà lókèèrè. Bàbá ló mọ ọ́n. Òun ló rẹ́ ẹ, òun ló fi ọwọ́ dán etí rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá kan lé àkọ́kọ́. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin sáré wá pẹ̀lú àga. Wọ́n ní kó jókòó, àwọn á gbé e wọlé. Inú wọn mọ́, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ó ti jókòó tán, wọ́n ti gbé e sókè, àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ orin. Ó ní, "Ẹ sọ̀ mí." Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó tún ní, "Ẹ sọ̀ mí."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n máa wọlé lọ. Màmá dúró díẹ̀. Ó wò wá, ó gbá gèlè rẹ̀ mọ́ etí, ó wọlé.

Èmi jókòó sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun mi.

Wọ́n kọrin ìyìn tán nínú ilé. Bàbá ń fi àtàǹpàkò ra etí àtẹ̀gùn náà. Ó wá ní, "Wọ́n ń gbé mi lọ bí ewúrẹ́ ìkórè."

Mo ní wọn ò mọ̀ ọ́n sí bẹ́ẹ̀, sà.

"Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin yẹn, ṣé ó ní àyè ṣì wà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Pè é."

Mo ní ọjọ́ Àìkú ni, bóyá kò ní gbé e. Ó ní kí n pè é. Mo ní Màmá wà nínú ilé, sà, ìjọ ńkọ́. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba fóònù náà kó pè é fúnra rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń dún létí mi. Ohùn Simẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó ń ka orúkọ àwọn tó dá nǹkan fún ilé Ọlọ́run. Ẹni tó fún wọn ní páànù. Ẹni tó fún wọn ní fáànù. Arákùnrin Obadiah, tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ọrẹ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó pọ̀. Bàbá ò wẹ̀yìn.