Fọ́ọ̀mù Méjìlélógún Tí N Kò Ní Fi Ránṣẹ́

                                        Ojúlé 16, Òpópó Ìmẹ̀pẹ̀,
                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 217,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        11 Oṣù Kẹrin, 1987.

Walter, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Mọ̀mí Edith, ìyá rẹ, wà dáadáa, bí o bá yọ ti ẹkún tó ń sun kúrò. Ara èmi náà yá, inú mi ni kò dùn. Mo ti kí ọ tán nìyẹn; jẹ́ kí n bínú.

O kọ̀wé sí mi ní oṣù Kejì pé o fẹ́ tẹ̀síwájú lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe lè máa gbọ́ ara wọn yé. O ní ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ kò ní gbà, àfi bí o bá fi hàn án pé àwọn tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí lè lo ètò tí o ṣe. O ní kí n wá èèyàn méjìlélógún, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù, kí ó sì dé ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fún ọ ní ìwé ẹ̀rí kékeré, wọ́n á ní kí o máa bọ̀ nílé. Mo ní kò sí ìṣòro. Kí ni mo kàwé ìṣòwò fún bí n kò bá lè kó èèyàn méjìlélógún jọ?

Àṣé èèyàn kọ́ ni ìṣòro. Kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa rà sí ọ́fíìsì Ayépé, èyí tí ìwọ fúnra rẹ bá wa yàn, tí a fẹ́ máa fi ètò rẹ pín ọjọ́ katakata fún àwọn àgbẹ̀, láti oṣù Kìíní tó ti dé ni wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó. Alága wa, Alàgbà Theophilus, ní a kò gbọdọ̀ tàn án kí kọmíṣọ́nnà tó wá ṣí i. Kọmíṣọ́nnà wo? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú! Mo lọ bá bàbá náà nílé. Ó ní, "Matilda, ìyàwó tí a kò tíì gbà wọlé, ta ló ń rán an lọ pọnmi?" Mo ní, "Bàbá, ìyàwó tí ẹ ti ra ẹ̀rọ amúlétutù fún, tí èmi máníjà ń fi páálí fẹ́ ara mi ní yàrá kejì!" Ó rẹ́rìn-ín títí, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣòfò. Nígbà tó sú mi, mo ká aṣọ náà fúnra mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ní ọjọ́ tí kọmíṣọ́nnà bá dé, a ó tún fi bò ó padà. Ta ló máa sọ fún un?

Mo tẹ̀lé òfin rẹ bí ológun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá wọlé, á wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, á gba ọjọ́ tí katakata máa dé oko rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Mo jókòó sí igun yàrá, mo di aago mú.

Bàbá Gbàdàmọ́sí, tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Odogbolu, ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ ń wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá! Ìgbà tó yá, ó pariwo, "Mùtíátù!" Mùtíátù ni atẹ̀wé wa. Mo ní òfin kò gbà á. Bàbá dìde, ó gba fọ́ọ̀mù, ó ní kí n bá òun fàlà sí "ó rọrùn gan-an". Mo ní, "Bàbá, ẹ ò mà fọwọ́ kàn án!" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Matilda, ṣebí ọmọ Edith ló ṣe é? Ṣé kí n wá jókòó kọ ọ́ sínú ìwé tí òyìnbó máa kà pé iṣẹ́ ọmọ wa kò dáa? Àbí ìwọ kọ́ lo sọ pé ọwọ́ wa ni ìdánwò rẹ̀ wà?"

Lóòótọ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé láti fi kó wọn jọ. Ẹjọ́ tèmi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n tìrẹ ńkọ́? Bákan náà ni àwọn méjèèjìlélógún kọ: ó rọrùn, ó dára, Ọlọ́run á gbé Walter ga. Mẹ́ta péré ló rí ọjọ́ gbà nínú wọn! Ìwọ tí wọ́n bí sí Ayépé, o fẹ́ kí àgbàlagbà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò mọ nǹkan lò, kí ó sì tún tú àṣírí ọmọ ilé fún àjèjì. Níbo lo ti rí àgbà wa tó ń dá jókòó tẹ̀wé? Bí wọ́n bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ṣebí wọ́n á máa sọ ọ́, ẹlòmíràn á máa kọ ọ́? Ìwà àwọn tí o wà lọ́dọ̀ wọn lo kó sínú ẹ̀rọ, o wá ní ti gbogbo ayé ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo ju òfin rẹ nù. Mo ní kí wọ́n lò ó bó ṣe wù wọ́n. Bàbá Gbàdàmọ́sí fa àga sẹ́yìn Mùtíátù, ó ń sọ, ìyẹn ń tẹ̀. Ẹ̀rọ fún un ní ọjọ́ tí kò bá a lára mu. Ó ní, "Dá a padà." Kò síbi tí wọ́n ti ń dá a padà, Walter! Ṣe ni Mùtíátù pa ẹ̀rọ náà, tó tún un tàn. Bàbá ní, "Irú kí leléyìí? Agídí ẹ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ!" Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rọ́ wọlé, ni àlébù bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Lẹ́tà ojú ẹ̀rọ kéré jù. Bí oko méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ̀rọ rẹ kì í bèèrè èyí tí à ń wí. Katakata tó yẹ kó lọ sí Odogbolu, Ayépé ló kọ ọ́ sí. Kò sẹ́ni tó rántí òyìnbó mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀, ojú ìwé mọ́kànlá. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló sì rí ọjọ́ gbà lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìyá rẹ wá bá mi lánàá. Ó ní kí n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí n fi ojú ìwé mọ́kànlá mi dáná. Ìwọ náà ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, kí a tó dán ẹ̀rọ wò, pé bó ti wù kó rí, kí n ṣáà fi ránṣẹ́. N kò ní fi ránṣẹ́. Ojú ìwé mọ́kànlá yẹn nìkan ni màá kó lé Susannah, tó wá kí àwọn ará ilé rẹ̀, lọ́wọ́ nígbà tó bá ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fọ́ọ̀mù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo ti tì í pa. Bí mo bá fi irọ́ ránṣẹ́, wọ́n á yìn ọ́ lọ́hùn-ún, ètò náà á sì padà wá bá wa níbí. Bí òjò bá dé, tí katakata gba oko ẹlòmíràn lọ, ta ni wọ́n máa wá bá? Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ni? Ọ́fíìsì mi ni Bàbá Gbàdàmọ́sí máa wá jókòó sí, kò sì ní sọ pé ó rọrùn lọ́jọ́ náà.

Tún ètò náà ṣe kí ẹni méjì lè jọ lò ó. Sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ pé àwọn èèyàn rẹ kì í dá kọ̀ǹpútà lò, kí òun náà kọ́ ìyẹn. Bó bá ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, máa bọ̀ nílé. Iṣẹ́ pọ̀ níbí.

Bá mi kí Richard tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Mùtíátù kí ọ. Alàgbà Theophilus kí ọ pẹ̀lú. Ó ti gbọ́ pé mo ká aṣọ, ó ń bínú, èmi náà ń bínú, a jọ ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ka ojú ìwé mọ́kànlá náà tán kí ìwọ tó bínú sí mi. Lẹ́yìn náà, bínú bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n tètè bínú tán, kí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù Karùn-ún kò ní dúró dè ọ́.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò lè purọ́ fún ọ,
                                        Matilda Ọdúṣọlá.