Ọkọ̀ Tí Kò Tú Èéfín, Ohùn Tí Ó Padà: Ìgbésí Ayé Ládàánì Àbíbù Ọláníyì Biaou (1952–2025)

Ẹ̀yin èèyàn wa, onílé àti àlejò, ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí, ẹ kú ìdúró tì wá. Ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, ní àdúgbò Plateau, ni a ti bí bàbá wa, Ládàánì Àbíbù Ọláníyì Biaou. Ìwé ìjọba kọ ọ́ pé "nǹkan bí ọdún 1952" ni, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Màmá Albertine, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, kò gbà. Wọ́n ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 1950 ni, pé àwọn ni àwọn pọn ọmọ náà, ẹ̀yìn àwọn kò sì tíì gbàgbé bó ṣe wúwo tó. Samiratou, àkọ́bí olóògbé, ni ẹbí gbé kálámù fún láti kọ ìtàn yìí, ti ìwé ìjọba ni ó sì tẹ̀ lé, kí ìjà má bàa dé.

Bàbá tó bí wọn ni Worou Biaou, àgbẹ̀ oníṣu tí oko rẹ̀ wà ní Boni. Ìyá wọn ni Aïssatou, tó ń ta gààrí. Apá kan ẹbí náà ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, apá kejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi ń jẹ́ Albertine tí àbúrò ń jẹ́ Àbíbù.

Ní ọdún 1959, àwọn òbí fi Bàbá sí ilé kéú, Bàbá sì tún fi ọdún mẹ́ta lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé. Nípa ẹ̀kọ́ Faransé, ohun tí a gbọ́ kò pọ̀, àwọn náà kò sì fẹ́ràn kí a béèrè. Ṣùgbọ́n ní ilé kéú, ohùn wọn yọ wọ́n sọ́tọ̀. Alífáà wọn máa ń ní kí àwọn ọmọ yòókù dákẹ́, kí Àbíbù nìkan kà, nítorí ó ń kà á bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tí kò sì bẹ̀rù.

Ní ọdún 1969 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ awakọ̀ ní ọdún 1976. Ọdún 1979 ni wọ́n gbé ìyá wa, Chérifatou, ọmọ Adido, níyàwó. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi jíǹkí wọn.

Ọdún 1984 ni Bàbá ra ọkọ̀ tiwọn, bọ́ọ̀sì ayé àtijọ́ kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń kó èrò àti iṣu láti Boni àti Adido lọ sí ọjà Párákú. Àwọn èrò sọ ọ́ ní Ìyá Eléèéfín. Ó ń pariwo, ó ń gbọ̀n, èyí tó sì ń wọ inú ọkọ̀ nínú èéfín rẹ̀ kò kéré sí èyí tó ń lọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo aago láti wọ̀ ọ́. Bó bá ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ṣáájú Adido, gbogbo ilé ti gbọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin ń di ẹrù, tí wọ́n ń pọn ọmọ. Kí ọkọ̀ tó dé, wọ́n ti wà létí ọ̀nà.

Ní ọdún 1991, mọ́ṣáláṣí àdúgbò Plateau fi Bàbá jẹ ládàánì, ẹni tó ń pe ìrun. Mọ́ṣáláṣí kò tíì ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà náà, kò sì kánjú rà á, torí pé ohùn Bàbá ń dé ọjà. Wọ́n á pe àsùbáà kí wọ́n tó gbéra lọ sí Párákú, wọ́n á pe ti alẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé, wọ́n sì ń fi gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run àti fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní kéú. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó ìpè ìrun. Àwa ọmọ mọ ipò wa.

Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni ikọ́ wọlé. Ìyá wa ló kọ́kọ́ fura, nítorí gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń fọ aṣọ tí Bàbá fi wakọ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá Samiratou, omi aṣọ yín yìí, ẹni tó bá fẹ́ fi rẹ aró, á rí i rẹ." Bàbá á rẹ́rìn-ín, ikọ́ á sì gba ẹ̀rín náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù kẹta ọdún 2012, ohùn wọn já láàárín ìpè. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, kò jáde. Ọmọ kéú wọn kan ló bá wọn parí rẹ̀. Bàbá sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì kírun bí gbogbo èèyàn.

Dókítà Géraldine tó yẹ̀ wọ́n wò kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní, "Bàbá, èéfín mọ́tẹ̀ yín ló wà nínú àyà yín. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ohùn lè padà. Tí ẹ kò bá fi í sílẹ̀, èmi kò ní oògùn rẹ̀." Mọ́tẹ̀ ni a ń pe ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ nìkan ni Bàbá mọ̀, òun ló sì ń bọ́ gbogbo wa. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wakọ̀ tí wọn kò pe ìrun. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n nígbà náà á rántí pé wọn kì í jókòó sí iwájú mọ́ṣáláṣí mọ́. Ẹ̀yìn òpó ni wọ́n ń jókòó sí.

Ní ọdún 2015, Rafiou, ọmọ wọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Kútọnù, gbé ọ̀rọ̀ tuntun wálé. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì òde òní kì í ṣe ti àtijọ́. Ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì bí ìrì, débi pé epo náà ń jóná tán. Ó ní àsẹ́ kan sì wà nínú páìpù èéfín tó ń gba ẹ̀dú dúró, tó sì ń sun ún dànù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bàbá ní irọ́ ni. Bíi gbogbo awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n gbà pé èéfín ni agbára. Wọ́n ní, "Mọ́tẹ̀ tí kì í tú èéfín, níbo ló ti máa rí okun gbé iṣu?"

Síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé Rafiou lọ sí Kútọnù. Nígbà tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ fi ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ han Bàbá, Bàbá ní kí ó ṣíná rẹ̀. Bàbá bọ́ fìlà funfun orí wọn, wọ́n nà án sí ẹnu páìpù, wọ́n sì ka tẹ̀sùbáà wọn yí ká lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé fìlà kúrò, funfun ló ṣì jẹ́. Wọ́n yí i sí òdì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dé e padà. Rafiou sọ pé wọn kò bọ́ fìlà náà títí wọ́n fi dé Ṣábẹ̀ẹ́.

Wọ́n ta oko kajú tí wọ́n jogún ní Boni. Wọ́n ta Ìyá Eléèéfín fún Célestin, akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀. Wọ́n sì ra ọkọ̀ tuntun náà. Ní ibùdókọ̀, ẹ̀rín pọ̀. Célestin béèrè bóyá ọkọ̀ náà ń ṣàìsàn ni, tí wọn kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹlẹ́yà yẹn kò dun Bàbá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Adido ló dùn wọ́n.

Ní ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, wọ́n dé Adido, kò sí ẹnì kan létí ọ̀nà. Wọ́n fọn fèrè, ṣùgbọ́n gbogbo alùpùpù tó ń kọjá náà ló ń fọn fèrè. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì lọ. Inú ilé ni àwọn obìnrin wà tí wọ́n ń retí ariwo tí kò ní í wá mọ́, iṣu wọn kò sì dé ọjà. Ọjọ́ ọjà kejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá ń lọ káàkiri pé Àbíbù ti ra ọkọ̀ òyìnbó, pé ó ti ń yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó sọ ọ́ di èèyàn. Ọkọ̀ òfìfo ni Bàbá ń wà lọ sí Párákú, oko kajú sì ti lọ. Bí ọkọ̀ náà bá tún lọ, inú èéfín ni wọ́n máa padà sí, a ò sì ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́ láéláé.

Àwọn awakọ̀ fún wọn ní ìmọ̀ràn kan: kí mẹkáníìkì gé páìpù, kí ó yọ àsẹ́ inú rẹ̀ sọnù, kí ọkọ̀ lè máa dún bí ọkọ̀. Rafiou bẹ̀bẹ̀, ó ní èéfín yóò padà. Bàbá ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mẹkáníìkì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ayùn nígbà tí Ìyá wa jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú abọ́ ìfọṣọ. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú Bàbá, wọ́n ní, "Aṣọ ọ̀sẹ̀ yín ni mo fọ̀ sínú omi yìí. Ẹ wò ó, ẹ rí ìdí abọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fọ aṣọ ọkọ̀ yín, n kò rí ìdí abọ́ rí."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo inú abọ́ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí mẹkáníìkì jáde kúrò lábẹ́ ọkọ̀, kí ó wá jẹun.

Ìyá wa kò tíì parí. Wọ́n ní, "Ogún ọdún ni ẹ fi pe èèyàn sí ìrun, ẹ kò fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ rí. Ẹ fún àwọn èèyàn mi ní aago, bí ẹ ṣe ń fún Ọlọ́run ní tirẹ̀." Ní ọjọ́ yẹn gan-an, Ìyá wa gun alùpùpù lọ sí Adido, wọ́n sì ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ máa dé: aago méje àárọ̀, kò ní í yá, kò ní í pẹ́. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, obìnrin mẹ́rin ló jáde. Bàbá dé ní aago méje géérégé. Láàárín oṣù mẹ́ta, kò sí àyè ìjókòó mọ́, àwọn ará Adido sì ti ń fi ọkọ̀ Bàbá tún aago wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká yangàn díẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ nìyí. Epo tí Ìyá Eléèéfín ń mu ní ìrìn àjò mẹ́ta, mẹ́rin ni ọkọ̀ yìí ń fi rìn, nígbà mìíràn márùn-ún. Ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Adido pẹ̀lú ẹrù iṣu láìmí hẹlẹ. Orí kò fọ́ èrò mọ́, ọmọdé kò bì mọ́. Arábìnrin Laure, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà létí ọ̀nà, sọ fún wa pé àwọn kì í pa fèrèsé dé mọ́ bí Bàbá bá ń kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà kọ̀, epo ẹlẹ́gbin. Nítorí náà Bàbá kò ra èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà rí. Ilé epo ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Ní ọdún 2017, Ìyá Eléèéfín kú sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú èrò Célestin nínú. Bàbá dúró, wọ́n kó gbogbo wọn, wọ́n sì gbé Célestin fúnra rẹ̀ jókòó sí iwájú. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, Célestin ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń bá yín sọ̀rọ̀, n kò sì pariwo." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ bá Rafiou pé kí ó bá òun wá irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ fi Bàbá jẹ alága ní ọdún 2019, òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé àsẹ́ ọkọ̀. Lónìí, ọkọ̀ méje irú rẹ̀ ló ń ná ọ̀nà náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ń pè ní ọjọ́ wa ni Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2018. Ikọ́ ti dín kù, ó ti tán. Dókítà Géraldine ti ní àyà wọn ti mọ́. Bàbá kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n dìde kúrò lẹ́yìn òpó, wọ́n gun òkè, wọ́n sì pe ìrun. Ohùn náà kò ga tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó lọ dé òpin láìjá. Ìyá wa ń ra ata lọ́jà nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, wọ́n sunkún. Àwa náà sunkún, a kò sì tijú. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́sàn-án ni Bàbá tún fi pe ìrun.

Wọ́n pe ti Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 2025. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ méjì, Ọlọ́run pè wọ́n.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Chérifatou, sílẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Albertine. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Samiratou, Rafiou, Alimatou, àti Élodie, tí Màmá Albertine sọ lórúkọ tí kò sì sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ló wà, Ẹniọlá ni àgbà wọn. Wọ́n tún fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ kéú àti ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìsìnkú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ méjèèje tò síwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èrò dé láti Boni àti Adido, ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Àkókò àlàásárì tó. Ládàánì tuntun gun òkè, iná mànàmáná kò sí, nítorí náà ẹnu lásán ló fi pè é. Kò sí awakọ̀ tó rántí pa ẹ́ńjìnnì. A gbọ́ ìpè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kan kò sọnù nínú rẹ̀.

Ọlọ́run Ọba tó fún wọn lóhùn, tó gbà á, tó sì dá a padà, kí Ó fi Àlùjánná ṣe ilé wọn, kí Ó sì tu Ìyá wa nínú. Bàbá Samiratou, ẹ sùn re o. Gbogbo ìlú ló gbọ́ yín.