Ọ̀gá Fẹ́ Kí Ẹ̀rọ Ara Ògiri Tàn

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má dárúkọ mi o, ọ̀gá wa náà ń gbọ́ ètò yìí.

Tíṣà ni mí. Iléèwé wa ra ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Mo ń gbé ìwé kíkà síbẹ̀, àwọn ọmọ ń dà á kọ bíi ti pátákó. Iná mànàmáná nìkan ni ìyàtọ̀.

Ni mo bá pa ẹ̀rọ náà tì, mo wá ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń kàwé, kí kálukú lè gbọ́ ara rẹ̀. Ọmọ kan tó máa ń sáré kàwé gbọ́ tiẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ta ló ń lé ẹni yìí?” Ó tún un kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Inú mi dùn gan-an.

Àfi bí ọ̀gá ṣe wọlé: “Tíṣà, ẹ̀rọ olówó ńlá ń sùn, ẹ ń fi fóònù ṣeré! Bí àwọn alábẹ̀wò bá dé tí kò tàn, mo máa gba kíláàsì yìí lọ́wọ́ yín.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tan àwòrán òdòdó sára ògiri, kí àwọn ọmọ máa kàwé wọn lọ, àbí kí n bẹ ọ̀gá fúnra wọn kí wọ́n wá kàwé sínú fóònù, kí ọ̀gá náà gbọ́ ara wọn?