Módẹ́ẹ̀mù Tí Mo Ní Ó Tàn

Wàídì Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Jóbọ̀ọ̀gì ní South Africa níbẹ̀? Roseline ìyàwó wa ńkọ́, àti Ẹ̀bùn tó máa ń fi òyìnbó dá mi lóhùn bíi pé èmi náà lọ sílé ìwé dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ, á máa ṣọ́ yín bọ̀. Àwọn tó ń lé àlejò kiri ní Jeppestown yẹn ò ní mọ ojú ilẹ̀kùn yín, òtútù ibẹ̀ ò sì ní wọ̀ yín léegun. Nílé níbí, àgbàdo yọmọ dáadáa. Ewúrẹ́ Ìyá Bùkúnmi bí ìbejì, ó sì wọ ọgbà ẹ̀fọ́ mi jẹ ẹ́ dé ìdí, a ti jà, a sì ti parí ẹ̀.

Akíntúndé tó ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ, irọ́ mìíràn ni màá tún pa.

Ọ̀rọ̀ módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ni. Wàídì, mi ò dán an wò.

Nígbà tó o ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀yin kan wà káàkiri ayé tí ẹ ń para pọ̀ ṣe ọpọlọ tó ń darí kọ̀ǹpútà, pé kì í ṣe ti ẹnì kankan, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní áà, ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò tíì yé mi dòní ni ẹni tó ń se oúnjẹ fún yín, torí a kì í pe èèyàn sí ọ̀wẹ̀ ká fi ebi dá wọn padà. O ní iṣẹ́ tìẹ ni pé kí ọpọlọ náà lè dá módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń tà nílé níbí mọ̀, pé irú ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ yín, kí n fi tèmi bọ inú láptọ́ọ̀pù tó o fi ránṣẹ́, kí n sọ fún ẹ bóyá iná ẹ̀ tàn.

Kò síná lọ́jọ́ náà, láptọ́ọ̀pù ti kú. O pè, mo ní ó tàn, ó ń tàn yanran. Mi ò ní in lọ́kàn láti parọ́. Ẹnu abiyamọ ni kò lè sọ pé iṣẹ́ ọmọ òun ò dáa, mo sì rò pé tí mo bá ti fi ẹnu pè é ní rere, rere ni yóò dà. Mi ò mọ̀ pé wàá kọ orúkọ mi sábẹ́ iṣẹ́ náà pé èmi ni mo dán an wò. Ọjọ́ tó o sọ pé orúkọ Mọ́níkẹ́ ti wọ inú kọ̀ǹpútà gbogbo ayé, mo wẹ̀, mo lé tìróò, torí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń rí mi.

Ìgbà tó yá lo tún pè. O ní kọ̀ǹpútà àwọn tó lo iṣẹ́ náà ń dákú, pé òyìnbó àgbà tó ń bójú tó apá ibẹ̀ ní kò jọ pé ẹnikẹ́ni dán an wò. O ní, Màmá, ṣé ó tàn lóòótọ́? Ohùn ẹ kéré. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń pọwó ní báńkì gbé káàdì ọkùnrin kan mì ní Ìwó, mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo bẹ ọkùnrin náà, mo ní kó má bínú, orúkọ mi ló wà nínú ẹ̀. Mẹ́gáàdì ní kí n rọra máa lọ sílé.

Fasilat, tíṣà tó ń gbé ilé kejì sí wa, ló ka èsì tó o fún òyìnbó náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo ayé, ó túmọ̀ ẹ̀ fún mi. O ní ìyá ẹ kì í parọ́. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Wọ́n yọ iṣẹ́ ẹ kúrò, àwọn ará Sandton tó fẹ́ torí ẹ̀ gbà ẹ́ síṣẹ́ ò pè ẹ́ mọ́, ìdí fóònù tó bàjẹ́ tó ò ń tún ṣe lo ṣì jókòó sí. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Lánàá, Fasilat tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, a fi módẹ́ẹ̀mù náà sí i. Iná pupa ṣẹ́jú, ó kú, láptọ́ọ̀pù dúró gbagidi, a tẹ gbogbo ibi tó ṣeé tẹ̀, kò mira. Fasilat ya fọ́tò gbogbo ohun tó kọ sójú, Akíntúndé á fi hàn ẹ́. Kọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pé Mọ́níkẹ́ ló ní kò ṣiṣẹ́, pé irọ́ ló pa tẹ́lẹ̀, má bò mí láṣìírí. Mo di àádùn sínú ọ̀rá fún òyìnbó náà, bá mi gbé e fún un, kó fi gbẹ̀bẹ̀.

Bí mo sì ti bẹ̀rẹ̀ òtítọ́ yìí, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Gbogbo ìgbà tó o bá ní bàbá ńkọ́, tí mo ní wọ́n wà lóko, wọn ò sí lóko. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á sé èémí kó o má baà gbọ́ ọ. Ojú wọn ti lọ, Wàídì. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n máa sọ bẹ́ẹ̀, kí ọkàn ẹ má baà dàrú sí àjò.

Torí náà, bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ojú ní Òṣogbo, wọ́n ní ọ̀kan ṣì lè là. Bí kò bá sí, má lọ yá a o, sọ fún mi pé kò sí.

Ọlọ́run á bá ẹ tún ohun tí ẹnu mi bà jẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ò ní já sásán, àwọn tó yọ ọ́ kúrò ni yóò fọwọ́ ara wọn dá a padà. Wàá dàgbà, wàá dogbó, Ẹ̀bùn á tọ́jú ẹ. Àmín.

Bó o bá tún pè, màá gbé fóònù fún bàbá ẹ.

Èmi ni ìyá ẹ,
Mọ́níkẹ́